Aṣọ Iṣẹ́ Tí Mo Fi Ránṣẹ́, Má Tíì Wọ̀ Ọ́

Ẹyinjú mi, ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń jó irin ní ìlú ńlá,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru, mo kí ọ kú ìdúró. Ṣé ẹ̀fọ́rí yẹn ti lọ? Ṣé o ń jẹun kí o tó jáde láàárọ̀, àbí omi tútù lásán lo ṣì fi ń tan ikùn jẹ? Ṣé òrùlé yàrá rẹ ṣì ń jò sí igun tí o gbé bẹ́ẹ̀dì sí? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Orúnkún mi òsì ń ké bí ilẹ̀kùn, ti ọ̀tún ò tíì dá a lóhùn. Ọlọ́run tó wò ọ́ dàgbà kò ní gbójú kúrò lára rẹ. Iná tí o fi ń wá oúnjẹ kò ní fi ọ́ ṣe oúnjẹ. Ìka mẹ́wàá lo gbé lọ síbi iṣẹ́, ìka mẹ́wàá ni wàá máa gbé bọ̀ wálé, pẹ̀lú ojú méjèèjì àti eyín tó pé. Ṣe àmín kí o tó kà á lọ. Bí o bá wà láàárín èèyàn, ṣe é sínú.

Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi ì bá ti wà lókè pátápátá, ṣùgbọ́n Tíṣà tó ń kọ́ àwa àgbàlagbà ní ìwé ní ìrọ̀lẹ́ ti sọ pé ẹni tó bá kọ lẹ́tà láì kíni, máàkì méjì lòun máa yọ. Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni mo gbà lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò sì fẹ́ kí nǹkan kan já mi wálẹ̀. Ó dáa, mo ti kí ọ. Gbọ́ mi báyìí: aṣọ iṣẹ́ tí mo bá ọ tún ṣe, èyí tí mo fi rán awakọ̀ sí ọ ní Ọjọ́bọ̀, má wọ̀ ọ́. Má wọ̀ ọ́ dé ìdí iná lọ́jọ́ Ajé. Bó bá jẹ́ pé òun ló wà lọ́rùn rẹ bí o ṣe ń ka ìwé yìí, gbé ìwé sílẹ̀, bọ́ aṣọ, kí o tó padà wá. Kì í ṣe pé mo bà á jẹ́ o. Mo ṣe é dáadáa ni. Dídáa tí mo ṣe é gan-an ni wàhálà ibẹ̀.

Ìwọ fúnra rẹ lo fi aṣọ náà ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ìwé, nítorí fóònù rẹ bọ́ sómi, ó wà lọ́dọ̀ alátùnṣe. Mo dá ìwé náà kà. Òun ni lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo máa dá kà láyé mi, láti òkè dé ìsàlẹ̀, láì pe ẹnikẹ́ni kó wá bá mi wò ó. Ó gbà mí ní ọ̀sán méjì gbáko, ṣùgbọ́n mo kà á. Ibi tí o ti kọ ọ́ pé aṣọ iṣẹ́ náà ń yún ọ lọ́rùn, mo kà á. Ibi tí o ti kọ ọ́ pé ó ń há ọ lábíyá, pé ó wúwo bí ẹni pọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin, mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti kọ ọ́ pé bí ooru bá mú, ńṣe lo máa ń tú bọ́tìnì sílẹ̀ dé ìdodo, tí wàá ká apá rẹ̀ dé ìgúnpá, tí ọ̀gá yín sì ti bá ọ wí lẹ́ẹ̀mejì, mo dìde. Orí ìdúró ni mo ti ka èyí tó kù. O ní bí ìyá àgbà rẹ tó fi ọdún méjìdínlógójì ránṣọ fún gbogbo àdúgbò ò bá lè mú un rọ̀, kò sẹ́ni tó lè mú un rọ̀. Háà! Orí mi wú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba ẹnu ọ̀nà.

O tún wá fi ìrépé aṣọ méjì sínú ìwé náà, ọ̀kan búlúù, ó nípọn, èkejì ní àwọ̀ iyanrìn, ó fẹ́lẹ́ díẹ̀, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. O ní ilé iṣẹ́ yín fẹ́ rán aṣọ tuntun tí kì í gbaná fún gbogbo yín, kí kálukú mú èyí tó bá wù ú nínú méjèèjì, kí n bá ọ wo èyí tó máa tu ara. Ìyẹn ni pé ilé iṣẹ́ tó ní géètì irin àti ọlọ́dẹ méjì ń dúró de ohun tí èmi máa sọ! Mo mú fọ́ọ̀mù náà dání, ó di ọ̀dọ̀ Ìyá Oníbúrẹ́dì, aládùúgbò mi. O mọ̀ ọ́n, kì í gbà fúnni. Ó ní ṣé ilé iṣẹ́ náà mọ̀ mí ni. Mo ní wọ́n máa mọ̀ mí. Ó ní kí n rọra o, kí wọ́n má lọ fi mí ṣe máníjà. Mo ní ta ló kọ̀?

Mo jókòó ti aṣọ rẹ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo tú abẹ́ abíyá, mo fi ààyè ìka mẹ́ta kún un láti inú ìṣẹ́po ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyẹn dára, kò sí wàhálà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí ìdí àpótí mi, mo fa aṣọ dídán kan yọ, ìyókù èyí tí mo fi ṣe inú kóòtù fún ọkọ ìyàwó kan nígbà tí ojú mi ṣì ń ríran dáadáa. Ó ń yọ̀ bí ọṣẹ, tí èèyàn bá fi ọwọ́ rá a, ọwọ́ á máa lọ fúnra rẹ̀. Mo ní irú èyí ló yẹ kó máa kan ara ọmọ ọmọ mi. Mo fi tẹ́ inú aṣọ iṣẹ́ rẹ látòkè délẹ̀, àyà, ẹ̀yìn, apá méjèèjì, títí dé orúnkún, ojú rírán náà wẹ́wẹ́ bí eyín eku. Mo fi kanjí tó nípọn sí kọ́là kó lè dúró, kí o má baà dà bí ẹni tí kò ní ìyá. Mo wá rí ohun tó ń yún ọ lọ́rùn. Pélébé aṣọ funfun kan ni wọ́n rán mọ́ ẹ̀yìn ọrùn, lẹ́tà wínníwínní kún inú rẹ̀, etí rẹ̀ le bí ìpẹ́ ẹja. Mo ní ìwọ lo wà níbí tí o ń dá ọmọ ọlọ́mọ láàmú! Mo fi àlùmọ́gàjí gé e kúrò ní ìdí, mo jù ú sínú agolo abẹ́rẹ́.

Nígbà tí mo ṣe tán, mo gbé e wọ̀, mo dúró síwájú dígí. Ó gùn jù mí lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ara mi tutù nínú rẹ̀ bí ẹni wà nínú omi. Ìyá Oníbúrẹ́dì wọlé bá mi, ó ní mo dà bí ẹni tí wọ́n ní kó lọ pa iná ọ̀run àpáàdì. Ó fi ọwọ́ kan inú aṣọ náà ṣá, ó tún fi kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò tètè yọ ọwọ́ rẹ̀, èmi tí mo mọ̀ ọ́n sì mọ̀ pé ìyìn nìyẹn. Awakọ̀ gbé e lọ ní Ọjọ́bọ̀. Mo kìlọ̀ fún un pé kó má gbé e sábẹ́ àpò sìmẹ́ńtì, ó ní Màmá, orí itan òun ló máa wà dé ìlú ńlá.

Ọjọ́ Ẹtì ni ẹ̀kọ́ wa. Tíṣà ti ní kí kálukú mú ohun tí wọ́n kọ nǹkan sí lára wá láti ilé, kó wá kà á síta. Àwọn kan mú páálí oògùn, ẹnì kan mú ọ̀rá ìyọ̀, Bàbá Jórinjórin tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òdìkejì títì mú páálí irin tó fi ń jórin. O mọ bàbá náà, òun ló máa ń pè mí ní Ọ̀jọ̀gbọ́n nítorí pé mo máa ń nawọ́ kí Tíṣà tó béèrè ìbéèrè. Èmi mú pélébé aṣọ ẹ̀yìn ọrùn yẹn, nítorí pé kò sẹ́ni tó máa ní irú rẹ̀. Mo sì kó ìrépé méjèèjì dání láti fi ṣe fáàrí.

Mo dìde. Àwọn àwòrán ló kọ́kọ́ wà lókè, mo ní àwọn yẹn ò le. Ọ̀kan jẹ́ abọ́ omi, mo ní ó túmọ̀ sí pé kí òṣìṣẹ́ máa mu omi dáadáa nítorí ooru. Ọ̀kan jẹ́ òrùlé tí wọ́n fa igi lé lórí, mo ní wọn ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ sùn nílé. Ọ̀kan dà bí ọkọ̀ ojú omi, ààmì kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀, mo ní èrò kan péré ni kó wà nínú aṣọ náà lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Bàbá Jórinjórin ní Ọ̀jọ̀gbọ́n ti tú u palẹ̀, pé òun náà ti ń rò ó pé èèyàn méjì ò lè gba inú ṣòkòtò kan. Tíṣà gbé ojú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó yíjú padà, ó fi sùúrù ṣàlàyé pé bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ ni abọ́, pé òrùlé tí wọ́n fagi lé ni pé ẹ má fi bílíìṣì fọ̀ ọ́, àti pé irin ìlọṣọ lèyí tí mo pè ní ọkọ̀. Èmi ránṣọ fún ọdún méjìdínlógójì, mi ò dá irin ìlọṣọ mọ̀! Mo fi ọwọ́ bo ojú. Ó ní kí n ka àwọn lẹ́tà, òun á máa tì mí lẹ́yìn.

Mo ń kà á lọ bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Aṣọ yìí kì í gbaná. Mo gba ìyẹn kọjá. Má ṣe fi bílíìṣì fọ̀ ọ́. Mo kọjá. Má ṣe fi kanjí sí i. Ẹsẹ̀ mi kọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Má ṣe fi aṣọ mìíràn tẹ́ inú rẹ̀. Ohùn mi ń lọ sílẹ̀, Tíṣà ní kí n gbé e sókè, àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́. Ìlà tó kẹ́yìn ló wá pa mí. Ó ní: Má ṣe gé pélébé aṣọ yìí kúrò. Mo sì nà án sókè báyìí níwájú gbogbo èèyàn, àárín ìka méjì, kò sí aṣọ kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀rín tí wọ́n rín, àdúgbò kejì gbọ́ ọ. Mo bínú. Mo ní ìwé ló ń sọ tirẹ̀, èmi ni mo mọ aṣọ, wọn ò tíì bí ẹni tó kọ ọ́ nígbà tí mo ti ń ránṣọ. Bàbá Jórinjórin ní kò tọ́ sí ìjà, iná wà ní ṣọ́ọ̀bù òun, kí a lọ bi í. Gbogbo kíláàsì bá sọdá títì, Tíṣà ń sáré tẹ̀ lé wa pẹ̀lú rẹ́jísítà, ó ní a ò tíì parí. Bàbá Jórinjórin kọ́kọ́ gbé garawa omi síwájú, ó ní kí a sún sẹ́yìn. Ó fi ẹ̀mú gbá ìrépé búlúù mú, ó mú iná sí i. Ó dúdú, ó rú èéfín díẹ̀. Bó ṣe gbé iná kúrò báyìí, iná kú lára aṣọ náà, ó kú fín-ín! Ó ṣe èyí tó ní àwọ̀ iyanrìn, bákan náà ló rí. A pàtẹ́wọ́ bí ẹni wo eré. Inú mi ti ń dùn padà. Mo wá yọ ìrépé aṣọ dídán tó ṣẹ́ kù, èyí tí mo fi di ìwé àti pẹ́ńsù mi, mo ní kó yẹ tèmi náà wò, kí wọ́n lè rí aṣọ tí wọ́n ń pè ní aṣọ.

Ẹyinjú mi, aṣọ náà ò jó bí aṣọ. Ó sunkì, ó yọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kán sílẹ̀ tó, tó, tó, iná wà lórí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan tó bá bọ́. Èyí tó kù lẹ̀ mọ́ ẹ̀mú náà. Bàbá Jórinjórin fi òkúta họ ọ́, kò họ. Irin nìyẹn o, kì í ṣe ara èèyàn. Kò rẹ́rìn-ín, òun tó máa ń fi gbogbo nǹkan ṣẹ̀fẹ̀. Ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó fi apá hàn wá. Láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, awọ ibẹ̀ ń dán, ó sì dì bí àbẹ́là tó yọ́. Ó ní nígbà tóun wà lọ́dọ̀ọ́, òun wọ ẹ̀wù dídán lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nítorí pé ó yẹ òun. Ó ní iná náà ò pẹ́ rárá, ẹ̀wù ló pẹ́. Ó ní aṣọ ló wọ inú ara òun, àwọn nọ́ọ̀sì ló ń yọ ọ́ díẹ̀ díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló bi mí jẹ́jẹ́, kò pè mí ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ní Ìyá, ibo lẹ ní ẹ fi aṣọ yẹn tẹ́?

Mo ń fi ọwọ́ tọ́ka sí i lára mi. Àyà, ẹ̀yìn, apá méjèèjì, títí dé orúnkún.

Mo sáré dé ibùdókọ̀, èmi àti orúnkún mi yìí. Wọ́n ní awakọ̀ ti dé ìlú ńlá láti àná, ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kó tó padà. Tíṣà ní òun á fi fóònù òun ya àwòrán aṣọ tó yọ́ náà ránṣẹ́ sí ọ. Ó yà á, ó tẹ̀ ẹ́, ààmì kékeré kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, irú èyí tí òun fúnra rẹ̀ máa ń fi sí iṣẹ́ tí a bá gbà. Mo fò sókè, mo ní a ti gbà á, fóònù ti fún wa ní máàkì! Ó ní rárá o, Màmá, ààmì kan túmọ̀ sí pé kò tíì dé, ó di méjì kó tó dé. Mo ní fóònù yìí le jù ọ́ lọ nìyẹn, nítorí ìwọ, ẹyọ kan lo máa ń fún wa, a sì máa ń gbà pé ó dé. Mo ní kó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ sí i. Alátùnṣe ni mo bá sọ̀rọ̀, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni fóònù náà wà. Mo kí i, mo kí ìyàwó rẹ̀, mo ní kó jọ̀ọ́, kó dìde nídìí iṣẹ́, kó wá ọ lọ, kó sọ fún ọ pé ìyá àgbà ní kí o bọ́ aṣọ. Mo ṣàpèjúwe rẹ fún un, pé o ga, pé o ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Títí di àkókò tí mo ń kọ ìwé yìí, ààmì náà ò tíì di méjì. Alátùnṣe náà lè jẹ́ ọ̀lẹ.

Mo mọ̀ pé ìbéèrè rẹ ṣì wà nílẹ̀: èwo ni kí o mú? Mo ti wá a rí, inú mi sì dùn sí èyí dáadáa. Méjèèjì ti yege lọ́wọ́ iná, ó ku ti ara. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo lọ sí ìdí ààrò Ìyá Oníbúrẹ́dì, nítorí kò síbi tó gbóná bíi tirẹ̀ láyìíká wa. Mo fi pín-ìnnì há ìrépé búlúù sí ọrùn rẹ̀ lápá ọ̀tún, mo há èyí tó ní àwọ̀ iyanrìn sí òsì, mo ní kó máa ṣe búrẹ́dì rẹ̀ lọ, èmi á jókòó máa wò ó. Ó ní ṣé òun ni kí n wá fi ṣe ìdánwò. Mo ní ilé iṣẹ́ ńlá ló ń béèrè ọrùn rẹ. Ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè fún mi. Nígbà tó kó àtẹ búrẹ́dì karùn-ún jáde, ó ti ń fi èjìká ha ọ̀tún. Nígbà tó kó ìkẹsàn-án jáde, ó ní kí n yọ nǹkan yẹn kúrò kí òun tó sọ̀rọ̀ burúkú. Mo wo ọrùn rẹ̀: ọ̀tún ti pọ́n, òógùn dúró sábẹ́ búlúù náà bí omi inú abọ́. Òsì rí bí mo ṣe bá a. Àwọ̀ iyanrìn ti mu òógùn náà, ó sì ti ń gbẹ. Ó ní òun tiẹ̀ ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo wá gbọ́ nìyẹn. Aṣọ tí èèyàn bá gbàgbé pé ó wà lára òun, kò ní tú bọ́tìnì rẹ̀.

Nítorí náà, àwọ̀ iyanrìn ni. Mo ti bá ọ kọ fọ́ọ̀mù náà. Wọ́n ní kí o fi ààmì sínú àpótí kékeré, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni tíṣà wọn, mi ò lè máa fún ilé iṣẹ́ ní máàkì. Ìdí tí a fi mú un ni mo kọ síbẹ̀. Àpótí náà ò gbà á, mo bá kọ ọ́ yí etí ìwé náà ká, kí ẹni tó ń kà á máa yí i lọ. Níbi tí wọ́n ti ní kékeré, àárín tàbí ńlá, mo mọ̀ pé kékeré lo máa mú nítorí àtifi ìbàdí hàn, má dá mi lóhùn. Àárín ni mo mú. Bàbá Jórinjórin ní ààyè tó wà láàárín aṣọ àti ara náà ń gba èèyàn, ooru ní láti la ibẹ̀ kọjá. Nísàlẹ̀, wọ́n fi ibì kan tó fẹ̀ tó sì mọ́ sílẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ti ọ́fíìsì nìkan ni. Ó dùn mọ́ mi pé wọ́n ronú kan ìkíni. Mo kí ọ́fíìsì níbẹ̀, ọ́fíìsì nìkan, mi ò kí ẹlòmíràn. Mo kí ọ̀gá yín tó bá ọ wí lẹ́ẹ̀mejì, mo ní kó tún bá ọ wí bí o bá ṣí àyà sílẹ̀.

Èyí tó wà lára rẹ lábẹ́ aṣọ náà ńkọ́? Mo ń sọ ti síńgílẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ osùn tó ń dán yẹn. Yé wọ̀ ọ́ lọ síbi iná. Èyí tí wọ́n fi òwú ṣe ni kí o máa wọ̀, bí kò tiẹ̀ dáa lójú. Tí epo tàbí gíríìsì bá ta sí aṣọ iṣẹ́, fọ̀ ọ́ kí o tó tún wọ̀ ọ́, nítorí epo yẹn á gbaná bí aṣọ ò tilẹ̀ gbà á. Kò sí kanjí mọ́, jẹ́ kí kọ́là dùbúlẹ̀ bó bá fẹ́ dùbúlẹ̀. Pélébé ẹ̀yìn ọrùn, bó bá yún ọ, fi ọwọ́ yún un padà, má gé e.

Ojú ń tì mí, mi ò ní purọ́. Ọdún méjìdínlógójì, kò sí aṣọ tó padà sọ́dọ̀ mi pé kò dáa, àfi èyí tí mo rán fún ẹni tí mo fẹ́ràn jù. Ṣùgbọ́n inú mi ń dùn ju ojú tó ń tì mí lọ. Lọ́dún tó kọjá, mi ì bá ti ju pélébé náà sínú iná pẹ̀lú pàǹtí, torí pé funfun pẹ̀lú dúdú lásán ni mi ì bá rí. Lọ́dún yìí mo rí ohùn ẹnì kan tó ń pariwo nínú rẹ̀.

Tíṣà ló ń bọ̀ ní ìlú ńlá lọ́jọ́ Àìkú, òun ló yẹ kó mú lẹ́tà yìí wá fún ọ. Mo ti ń wá gọ́ọ̀mù láti fi lẹ̀ ẹ́ nígbà tí mo ronú. Ọmọ dáadáa ni Tíṣà, ṣùgbọ́n ó máa ń gbàgbé ṣọ́ọ̀kì, ó gbàgbé agboòrùn, ó gbàgbé gíláàsì ojú rẹ̀ lórí orí ara rẹ̀. Awọ ara rẹ ni mo fẹ́ fi lé e lọ́wọ́ yìí. Rárá o. Mo ti sọ fún un pé a jọ ń lọ ni. Ó ní Màmá, bí ẹ bá ń lọ fúnra yín, kí lẹ tún ń kọ lẹ́tà fún? Mo ní nítorí pé mo mọ ara mi. Bí mo bá dé iwájú rẹ, tí mo rí apá rẹ, ẹkún ló máa gba ẹnu mi, mi ò ní lè sọ ọ́ tán. Ìwé ò ní sunkún, á sọ ọ́ tán.

Owó ọkọ̀ ni mo ń tọrọ, ọmọ mi, nítorí ti àlọ nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Bí kò bá sí, jẹ́ kí n dúró tì ọ́ títí aṣọ tuntun á fi dé, kí n kà á kí o tó wọ̀ ọ́. Èyí tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni kí o mú. Èkejì ló wù mí.

Ilé iṣẹ́ yẹn á mọ̀ ọ́ sí ẹni rere. Wọn ò ní gbé ọ wálé fún mi, ẹsẹ̀ rẹ ni wàá máa fi rìn wá. Wàá dàgbà, wàá darúgbó, awọ ara rẹ á hunjọ bíi tèmi, ọjọ́ orí ló máa hun ún, kì í ṣe iná. Ṣe àmín, ṣe é síta lọ́tẹ̀ yìí.

Ó tán. Gbójú sókè, má rẹ́rìn-ín, lọ gbé aṣọ yẹn wá. Abẹ tí mo máa fi tú u wà lọ́wọ́ mi.

Èmi ni,
Ìyá ìyá rẹ tó dúró síwájú rẹ.